Oríkì Ọ̀fun Agbà-má-fúnni

Ọ̀fun o! Ọ̀fun Àkànbí, ìwọ ni mo ń kí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi àyà kanlẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun alẹ́ tán ni: ẹ̀fọ́ rírò tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀, panla, ṣàkì, àti ẹja àrọ̀ kan tí ìrù rẹ̀ yọ síta létí abọ́. Òkèlè nìkan ni kò sí níbẹ̀, nítorí dókítà ní kí n dín ẹ̀bà, àmàlà àti iyán kù, kí èmi àti búrẹ́dì sì dágbére fúnra wa. Ikùn jẹ, ó gùfẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alásè. Gbogbo ara fẹnu kò pé ó tó. Ìwọ nìkan lo nawọ́ sókè nínú ìpàdé, o ní ó ku ohun kan. Kí ló kù? O ní nǹkan dídùn, díẹ̀ báyìí.

Ayó-má-gbà, ọkọ Ahọ́n!
Ikùn yó, ó gbà.
Ojú yó, ó gbà, ó ti ń tòògbé.
Ọ̀fun yó, ó ní òun ò gbà;
ẹ gbé àkàrà òyìnbó dé, ó ní òun gbà.
Agbà-má-fúnni, agbowó-òde tí kì í já rìsíìtì!
O gba oyin, o ò jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu Ahọ́n.
O gba dòdò, o ò fún Eyín ní nǹkan kan, àfi ihò.
O gba ṣinṣín àwo kan, o ní kí n tún fún ọ sí i.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ní o ò mọ fífún rárá, mo purọ́ mọ́ ọ:
sòkòtò mi fún, ṣẹ́ẹ̀tì mi fún, òrùka ọwọ́ mi pàápàá fún;
gbogbo fífún tó wà nínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá.

Ọba kì í dá nìkan jọba, ìwọ náà ní ìjòyè. Imú ni amí rẹ. Aládùúgbò ẹ̀yìn ilé wa kì í din ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tó ti rọ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú sítáàṣì rẹ̀ ti di ṣúgà, ni ó máa ń gé dàgẹ̀rẹ̀ sínú epo. Epo á pariwo ṣìì, etí dòdò á pọ́n, á dúdú díẹ̀, òórùn á fo fèrèsé wọlé. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Imú ti jábọ̀ fún ọ, ìwọ náà sì ti ń da itọ́ sí mi lẹ́nu. O ní ebi ń pa ọ́.

Ebi wo? Ebi kì í ṣa oúnjẹ. Mo gbé ẹyin bíbọ̀ fún ọ, o ní o kì í jẹ ẹyin lálẹ́. Mo gbé ẹpà wá, o ní ẹpà ń fa ikọ́. Mo bu omi tútù, o ní omi á máa gbé ọ dìde lóru. Mo ní ṣé kí n tún ẹ̀fọ́ gbé kaná? O ní kí n má ṣe wàhálà. Ẹnìkan wá mẹ́nu ba ṣinṣín, o ò tilẹ̀ béèrè aago tó lù. Ayó-má-gbà, ẹyin tú ọ láṣìírí! Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹyin ṣe adájọ́ láàárín wa: ẹni tí ebi ń pa lóòótọ́, á jẹ ẹ́, ẹni tó bá yínmú sí i, kò sí ebi níbẹ̀, ìwọ lo dé.

Òkìkí rẹ kàn dé ilé ìjọba. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí ní ọdún 2015 pé ó dára kí ṣúgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ àgbàlagbà má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo sábà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, o sì ń gbé e mì kí yìnyín ara rẹ̀ tó yọ́. Nígbà tó di 2022, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba náírà 10 lórí lítà ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé ọ̀nà ọ̀fun ń gba èrò, wọ́n lọ dá ibodè síbẹ̀. Gbígbà ni wọ́n mọ̀, ẹni tó bá rí ohun tí wọ́n fi í ṣe, kó wá sọ fún wa. Ọ̀fun, ìbátan rẹ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ n gbé ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń tú ìlú ká nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n kó àìmọye ènìyàn wa sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí oko ìrèké ní Kúbà àti Bàhíà, kí ọ̀fun àwọn tí wọn kò mọ̀ rí lè mu tíì dídùn. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà, 1888 ní Bràsíìlì. Wọ́n gbà wọ́n lọ, wọn kò fún wa padà.

Ó tó. Ẹ jẹ́ n padà sídìí oríkì.

Ọ̀fun Àkànbí, o ní àwọn oníṣòwò tó ń fi orúkọ rẹ là. Wọ́n gbé páálí bisikíìtì kan fún mi, wọ́n ya ewé tútù sí i lára, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo sún un mọ́ iná: ìyẹ̀fun àlìkámà ló ṣíwájú, maltodextrin tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun tí mo ń sá fún nínú búrẹ́dì náà nìyẹn, tó pààrọ̀ agbádá. Bí òun àti maltodextrin bá dénú ara, ṣúgà náà ni wọ́n ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Owó rẹ̀ sì ju ti bisikíìtì aláìṣẹ̀ lọ dáadáa. Ta ni wọ́n ń tàn? Ẹni tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jinná nítorí àtọ̀gbẹ ló ń fi owó oògùn ra ìyẹn, tó sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìkà ni, kò lórúkọ méjì.

Síbẹ̀ n kò ní fi gbogbo ẹ̀bi rù ọ́. Ọjọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ máa ń di òótọ́. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo irú àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan, tó wá já òkèlè sílẹ̀ láìsọ fún dókítà rẹ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á ṣú. Bí o bá ké lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n wá nǹkan dídùn, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹyin dá ọ lóhùn o. Kí wọ́n fún un ní ṣúgà kíákíá.

Lálẹ́ tí kò sí èyí, mo ní ètùtù tí mo fi ń tù ọ́. Oorun wà níbẹ̀, nítorí lọ́jọ́ tí mi ò bá sùn dáadáa ni o máa ń pariwo jù. Àgbọn gígé wà níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àgbáyun. Èso pupa kékeré, ẹran ara rẹ̀ kò ju kí a lá a kúrò lára kóró lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì dùn lọ títí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Bí mo bá wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹnu lẹ́yìn náà, kíkan rẹ̀ á di oyin. O gbé e mì, o ń rẹ́rìn-ín, o rò pé o ti borí. Ayó-má-gbà, ọsàn kíkan lo gbà yẹn! Àwọn baba wa ti mọ ìwà rẹ tipẹ́, wọ́n sì ti bá ọ wá oúnjẹ tó tọ́ sí ọ nínú igbó.

Mo ti kì ọ́ délé, mo kì ọ́ dóko. Ohùn mi ti há. Àṣà ni pé bí akéwì bá kini tán, ẹni tí a kì á tọwọ́ bọ àpò, á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Mo dúró. Mo na ọrùn. Agbà-má-fúnni dìde, ó ní òun gbọ́, orí òun wú, òun dúpẹ́ gan-an. Ó ní ṣé kò sí àkàrà òyìnbó kankan nínú ilé yìí ni?