Èmi, Kánsílọ̀ àti Oyin Ọ̀gànjọ́

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sílẹ̀ ná, kó má baà bá yín lójijì. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìbàdàn mọ̀ pé ẹnu mi ò kéré. Ohun tí ẹnu náà kó mi sí lóru ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan báyìí, òun náà ni mo fi ń ròyìn rẹ̀.

Ológbò mẹ́rin ló wà nílé wa. A ò fowó ra ọ̀kankan nínú wọn. Ìyàwó mi ni kì í lè rí ológbò aláìsàn lójú títì kó kọjá lára rẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti wọlé, wọn kì í jáde mọ́. Àìsàn wọn náà kì í jáde.

Alájà ni àgbà wọn. Kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi ló ń mu ṣáá, ìtọ̀ ló sì ń tọ̀ ṣáá. Sájẹ́ẹ̀ntì ní ikọ́ fée. Àlejò tó bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú yàrá á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá ta ló ń ṣàìsàn?" Àjọkẹ́ ní kòkòrò tí wọ́n ń pè ní FIV, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí lára àwọn ológbò ní California lọ́dún 1986. Ìbátan èyí tó ń fa éèdì ni, ṣùgbọ́n kì í ran ènìyàn. Ológbò ní í fi eyín gún ológbò ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjà kó tó ràn. Mo ti ṣàlàyé èyí fún lánlọ́ọ̀dù wa títí ẹnu fi ń ro mí. Ó gbọ́, ó mi orí. Láti ọjọ́ náà, òró ló máa ń wà tó bá wá gba owó ilé. Kì í jókòó.

Ẹ̀kẹrin ni Kánsílọ̀. Ẹ̀yìn ilé ọtí kan la ti rí i, níbi tó ti ń jẹ àjẹkù súyà. Ó dúdú kirikiri, ó sanra, kì í kí ẹnikẹ́ni àfi tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀. Ẹ ti rí ìdí tí a fi sọ ọ́ ní Kánsílọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a fínra.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe ológbò, pàápàá èyí tó bá sanra. Insulín tí ènìyàn ń lò ni dókítà ẹranko kọ fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní glargine: yúníìtì méjì ní aago méje àárọ̀, yúníìtì méjì ní aago méje alẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Ìgò tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú firíìjì, níbi tí òtútù rẹ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C. Firíìjì wa ńkọ́? Firíìjì wà. Iná ni kò sí.

Ibí yìí ni agbára ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn mí. Mo rántí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ tó ṣiṣẹ́ ní Jigawa, tó ń ti ìkòkò kékeré bọ inú ìkòkò ńlá, tó wá ń fi iyanrìn tútù dí àárín wọn kí èso àti ẹ̀fọ́ àwọn àgbẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Rolex fún un lọ́dún 2000. Èmi náà ra ìkòkò méjì. Mo bu iyanrìn, mo wọ́n omi, mo fi aṣọ tútù bò ó lórí. Mo pe dókítà. Ó ní kò burú, pé ìgò tí a ti ń lò lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ooru ibẹ̀ má ṣáà ti kọjá 30°C. Háà! Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé, ká ní bàbá mi lówó nígbà yẹn ni, èmi gan-an ni ìbá máa kọ oògùn fún dókítà.

Ìyàwó mi wá ní ìsìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó lọ, ó kọ ìwé gbọọrọ, ó to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sókè pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ológbò ní parasitámọ̀, nítorí ara ológbò kò lè tú u ká bíi tiwa, hóró kan ṣoṣo lè pa á. Èyí ni mo kà. Ìyókù, mo fojú fò ó.

"Ṣé ẹ ti kà á tán?"

"Mo ti kọ́ ọ sórí."

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́."

Nígbàkigbà tó bá ti pè mí ní olówó orí mi, ẹ̀rù ń bà á nìyẹn. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀ jó. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá re àjò, ilé di ilé èkúté. Wọn ò sọ ohun tí ilé ń dà tí ẹni tó ni ológbò bá re àjò. Ẹ máa gbọ́ ọ.

Ní aago méje alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú iná lọ. Mo fi ẹnu gbá fóònù mú kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè máa tàn. Oògùn Sájẹ́ẹ̀ntì ló ṣáájú. Mo ki hóró náà sínú ẹja títọ́ọ̀sì. Ó jẹ ẹja náà tán, ó pọ́n ẹnu lá, hóró oògùn wà nílẹ̀ tónítóní. Mo tún un kì. Ó tún un yọ. Alájà kọ oúnjẹ kíndìnrín tirẹ̀, ó lọ jókòó ti abọ́ Kánsílọ̀. Àjọkẹ́ gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wò wá.

Ó kan Kánsílọ̀. Mo ní kí n tètè gún un ná, kó máa jẹun bọ̀. Mo fà á láwọ̀ ọrùn, mo ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ta pútú! Mo fọwọ́ kan irun rẹ̀, ó tutù díẹ̀. Ṣé insulín ni àbí itọ́ ẹnu mi tó ń kán láti ara fóònù? Ó wọlé ni, àbí kò wọlé? Ẹlòmíràn ì bá dúró rò ó. Ṣùgbọ́n ṣé ọkùnrin tó fi ìkòkò méjì ṣe firíìjì ló yẹ kó máa ṣiyèméjì? Mo fa yúníìtì méjì mìíràn, mo gún un. Èyí wọlé dáadáa. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo bọ́ síta lọ pe ọ̀rẹ́ mi kan. Mo sọ fún un pé ariwo lásán ni àwọn obìnrin ń pa, pé iṣẹ́ ológbò kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Nígbà tí mo wọlé, abọ́ Kánsílọ̀ ti mọ́. Inú mi dùn. Mi ò bèèrè ẹni tó jẹ ẹ́. Alájà ń lá ọwọ́.

Ọ̀gànjọ́ ku díẹ̀, mo gbọ́ gbì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Kánsílọ̀ ni. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu oko dé góńgó, ó kọlu ẹsẹ̀ tábìlì, ó dìde, ó tún ṣubú. Ojú rẹ̀ là, kò rí mi. Àyà mi já. Mo pe dókítà.

"Ẹ̀gbọ́n, mélòó lẹ gún?"

"Méjì."

"Méjì péré?"

"Méjì... lọ́nà méjì."

Ó dákẹ́. Ó ní, "Ó jẹun?"

Mo wo Alájà. Alájà wo ibòmíràn.

"Ṣúgà rẹ̀ ló já wálẹ̀. Oyin! Ẹ fi oyin ra èrìgì rẹ̀ báyìí báyìí. Ẹ má dà á sí i lọ́fun, kó má baà pá a lórí. Tó bá ti lè jẹun, ẹ fún un lóúnjẹ, kẹ́ ẹ máa gbé e bọ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́."

Oyin dà? Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù. Ata dà sílẹ̀. Iyọ̀ dà sílẹ̀. Oyin rèé! Mo dà á sọ́wọ́. Mo jókòó lé ilẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé, mo ń fi ìka ra èrìgì ológbò. Ẹ sì jẹ́ mọ̀ pé ahọ́n ológbò kò mọ adùn rárá. Lójú Kánsílọ̀, nǹkan ṣáà ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ni. Kò gbà fún mi. Bí ara rẹ̀ ṣe ń yá díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló deyín mọ́ àtàǹpàkò mi. Mo ké. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Èmi ni mo ṣí i, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kánsílọ̀ fò síta!

Mo sá tẹ̀ lé e. Mi ò wọ bàtà. Sírínjì wà lọ́wọ́ kan, oyin wà lọ́wọ́ kejì. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi sírínjì ṣe. Ó ya ọ̀tún. Mo ya ọ̀tún. Ó kọjá ilé aláró. Mo kọjá. Iwájú ni iná jẹnẹrétọ̀ ti ń tàn.

Ẹ dákun, kí lẹ rò pé ó máa ń wáyé ní àdúgbò wa lálẹ́ Jímọ̀ọ̀? Àìsùn. Kánópì kún títì. Pásítọ̀ sì ti dé ibi tó gbóná jù nínú àdúrà.

"Gbogbo àjẹ́ tó ń fò lóru lórí ọ̀rọ̀ mi! Fara hàn!"

"Fara hàn!" ni gbogbo ìjọ wí.

Kánsílọ̀ fara hàn.

Ó gba àárín ìjọ kọjá, ó dúdú, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, oyin ń dán yinrinyinrin lẹ́nu rẹ̀. Àga dojú dé. Onílù gun orí àpótí ìlù. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ sún kúrò lẹ́yìn pẹpẹ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló pè é. Ẹnìkan ti gbé igi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi dé, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, àtàǹpàkò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ àti sírínjì, mo ń pariwo, "Ẹ má pa á o! Ọmọ mi ni!"

Ẹ ò rí i pé ó ṣeé gbọ́ lọ́nà mìíràn.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dì mí mú. Òróró bọ́ lé mi lórí. Ẹnìkan ń gbọn orí mi jìgìjìgì pé kí n jẹ́wọ́. Mo jẹ́wọ́. Mo ní èmi ni mo gún un lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún da òróró sí i.

"Kí lo wá ń fi abẹ́rẹ́ ṣe?"

"Insulín ni, Pásítọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é."

"Ta ni?"

"Ológbò yẹn."

Kánópì pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn, níbi tí Màmá àgbàlagbà kan jókòó sí tó wé gèlè funfun. Abẹ́ àga rẹ̀ gan-an ni Kánsílọ̀ lọ nà sílẹ̀ sí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Màmá kò mira.

"Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà kẹ̀? Èmi náà ní in. Mélòó lo gún fún un?"

"Mẹ́rin, Màmá."

"Ó jẹun?"

"Rárá, Màmá."

"O gún ẹni tí kò jẹun! Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Ó ṣí báàgì rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà wà. Mo ní etí ni dókítà máa ń gún fún ológbò. Ó ní kí n di orí rẹ̀ mú. Ó gún etéetí rẹ̀ tín-ín, ẹ̀jẹ̀ yọ, ó fi sítírípù kàn án. Gbogbo ìjọ na ọrùn. Àwọn tó sá lọ ti padà.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ẹ wá oyin!"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Màmá."

Bí mo ṣe di alàgbà ìjọ lóru ọjọ́ kan nìyẹn. Èmi ń ra oyin, Màmá ń wọn ṣúgà. Nígbà tí Kánsílọ̀ gbé orí sókè, wọ́n bu ẹran fún un nínú kúlà pásítọ̀. Ó jẹ ẹ́, ó sì tún wojú pásítọ̀ pé kó bu òmíràn. Ó bù ú. Mo pe dókítà padà, ó ní ẹ̀rọ ènìyàn máa ń ka ṣúgà ológbò kéré ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n kí n má sùn, kí a ṣì máa wọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò sùn. Mo kọ orin tí wọ́n kọ. Mo ṣe àmín sí gbogbo àdúrà, títí kan èyí tí wọ́n gbà lé mi lórí. Sítírípù Màmá ló ń tán lọ, páálí tuntun tí mo rà san án kò sì rọ àpò mi lọ́rùn.

Ìròyìn ti pàdé ìyàwó mi ní gáréèjì kó tó sọ̀ nínú ọkọ̀. Kò bá mi jà. Ó gbé Kánsílọ̀ yẹ̀ wò, ó wo àtàǹpàkò mi, ó ní, "Nọ́ńbà kẹrin ńkọ́?" Mo lọ síwájú ògiri, mo kà á:

*Tí kò bá dá yín lójú pé ó wọlé, ẹ má gún òmíràn. Àìgún un mọ́jú kò lè pa á, abẹ́rẹ́ kejì lè pa á. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí, olówó orí mi.*

Ara Kánsílọ̀ ti le. Màmá máa ń yà sọ́dọ̀ wa báyìí, òun àti ìyàwó mi á jókòó, wọ́n á wọn ti Màmá, wọ́n á wọn ti Kánsílọ̀, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gba sírínjì lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ń kó ìgbẹ́ dànù, tí mo sì ń bomi fún Alájà. Ìkòkò mi ṣì ń ṣiṣẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dùn mí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ológbò kékeré kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú wa báyìí. Ojú kan ló ní, ó sì ń tiro. Bí àyè bá wà nílé yín, ẹ tètè wá mú un. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ìyàwó mi ń gbà lọ sọ́jà.