Ẹ Gbé Ìwé Ìṣúná Lọ sí Àrò

Mo ní aláìsàn kan tí mo fẹ́ kí àwọn dókítà ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta bá wa yẹ̀ wò. Ọmọ ọlọ́lá ni, Àbújá ni wọ́n bí i sí. Bí ọyẹ́ bá dé, owó tabua ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kò rántí ọ̀kan mọ́. Ó tún máa ń rí iná níbi tí gbogbo wa ti ń rí òkùnkùn. Àjọ BudgIT, tó ń tọ pinpin owó ìjọba, tú inú rẹ̀ wò lọ́dún 2025, wọ́n ní iṣẹ́ iná òpópónà 1,477 ni àwọn aṣòfin tì bọ̀ ọ́ nínú, tí owó wọn lé ní bílíọ̀nù 393 náírà. Bí ẹni tó ń ṣe báyìí bá wà nínú ẹbí yín, ẹ ó ti fà á dé ẹ̀ka Àrò ní Lántòrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ni mo ń wí.

Ẹ wo ohun tó ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí orí wọn ń dà láàmú ní tòótọ́. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2006, nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ìjọba ń ná sórí ìlera, bíi náírà mẹ́ta ó lé kọ́bọ̀ díẹ̀ ló kan àrùn ọpọlọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú náírà mẹ́ta náà, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá bíi ti Àrò, Yaba àti Calabar ló ń lọ. Ẹni tó wà ní Ìgbẹ́tì tàbí Òkìtìpupa, kí ó yáa wọ mọ́tò. Bó bá sì dé ọ̀hún, kí ó ra káàdì, kí ó san owó àyẹ̀wò, kí ó san owó bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, kí ó ra oògùn, kí ẹnìkan nínú ẹbí fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ wá dúró tì í. Ẹ wá bi í léèrè iye tí ìjọba ná lé e lórí. Ó ṣeé ṣe kó bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì, jọ̀ọ́, má kọ ẹ̀rín yẹn sílẹ̀ bí àmì àìsàn.

Àwọn dókítà ọpọlọ tó kù nílẹ̀ wa kò tó 300, àwa sì lé ní mílíọ̀nù 200. Bí a bá pín in dọ́gba, ènìyàn tó ju 600,000 lọ ló kan dókítà kan. Ìyẹn bí Lọ́ńdọ̀nù kò bá tíì pè é lórí fóònù.

Dókítà ọpọlọ Adéoyè Lambo kò dúró de ìgbà tí wọ́n máa parí ògiri nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò lọ́dún 1954. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ìbátan kan ń bá aláìsàn gbé, ó ń dáná fún un, àwọn ará abúlé ń gba owó ilé, ilé ìwòsàn ń fún aláìsàn nítọ̀ọ́jú. Owó táṣẹ́rẹ́ ni. Àbòjútó rẹ̀ sì pé, torí bí wọ́n bá na aláìsàn ní pàṣán kan ṣoṣo, gbogbo ojúde ló máa gbọ́. Ayé gbóríyìn fún ọ̀nà náà, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àwa tí a nilé, ògiri ni a yàn.

Ta ló wá ń wo ẹ̀yìn ògiri? Òfin wèrè tí àwọn òyìnbó ṣe lọ́dún 1916, tí wọ́n tún lẹ̀ lọ́dún 1958, la fi ń ṣàkóso ara wa títí di oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023. Láti 2003 ni àbádòfin tuntun ti ń wọlé tó ń jáde ní ilé ìgbìmọ̀. Sẹ́nétọ̀ Olóríẹ̀gbẹ́ ti Kwárà ló padà gbé èyí tó yọrí kalẹ̀. Òfin náà dára. Ó ní kí ẹ̀ka kan wà ní iléeṣẹ́ ìlera, kí àpò owó wà, kí ìgbìmọ̀ wà tí aláìsàn lè kígbe bá, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn bó ṣe wù ú mọ́. Títí di báyìí ni àwọn dókítà ṣì ń pariwo pé ìmúṣẹ rẹ̀ ń falẹ̀.

Ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yìí ló dùn mí jù. Nínú ìròyìn tí Human Rights Watch, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹ̀dá, gbé jáde lóṣù Bélú 2019, wọ́n ní àwọn wọ ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, wọ́n bá àwọn ènìyàn nínú ìdè ní ilé oníṣègùn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé àwọn àáfà, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú. Lóṣù tó ṣáájú ìròyìn náà, Buhari tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà ti fi ìbínú sọ pé ìjọba kò ní í gba ilé ìfìyàjẹni láàyè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ló máa lọ já wọ ilé ọ̀gá rẹ̀?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí wọ́n máa kọ ọ́ sára ògiri ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù: iye tó wọlé láti Àbújá, iye aláìsàn tó jẹ nínú rẹ̀, iye tí ẹbí san. Ọ̀gá tó bá ní òun kò lè rántí, ẹ fún un ní bẹ́ẹ̀dì ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìyàwó rẹ̀ sì máa gbé oúnjẹ wá.