Orí Ọmọ Wọ́, Fìlà Bàbá Dúró

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò dé ọjà Katako ní Niamey rí. Bó bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ládàánì ti ń pèrun, tí àwọn oníṣòwò ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ń ti ìsọ̀, á rí àgbà lọ súà. Á rí ọmọ tuntun náà pẹ̀lú, lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ọ̀já ti dẹ̀, tí orí rẹ̀ ti ṣubú sí apá òsì. Àwọn àgbà ò kúkú fọ́jú. Wọ́n rí obìnrin náà dáadáa. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìborùn ti yọ̀ lórí rẹ̀.

"Ìyá Sùlé, borí ẹ o! Ìrun ti tó!"

Obìnrin sáré fa ìborùn síwájú. Àwọn àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n tún fìlà tiwọn ṣe, wọ́n kọjá lọ. Ta ló wá bá ọmọ gbé orí? Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí òkò tó bẹ̀rẹ̀: mi ò ní kí obìnrin máa ṣí orí kírun. Òfin Ìsìláàmù ni pé kí obìnrin tó ti bàlágà bo irun orí rẹ̀ bó bá ń kírun, àwọn ará Nìjẹ̀r tí wọ́n ń tẹ̀lé ìlànà Màlíkì ò sì jiyàn rẹ̀. Ti ọkùnrin ló yàtọ̀. Fìlà fún ọkùnrin, ẹ̀yẹ ni, ọ̀ṣọ́ ni. Ìrun rẹ̀ dúró láìsí i. Gbogbo àfáà ló mọ èyí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló ń lo ohùn òkè. Ẹ wo ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tó sáré jáde lábẹ́ ọkọ̀ wá bá jàmáà. Ó ti ṣàlùwàlá, ọ́ìlì ṣì hàn lábẹ́ èékánná rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Lèmọ́mù sálámà tán, ọmọ ò tíì mú tẹ̀sùbáà, bàbá tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ti yíjú sí i: "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kírun nílé yín nìyẹn? Orí òfo bí orí olè?" Ọmọ ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó ta kókó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi dérí, ó sì tún ìrun tí kò bàjẹ́ kí. Bàbá mi orí, inú rẹ̀ dùn. Bàbá yìí kan náà ni fóònù rẹ̀ dún ní ráká kejì, tí gbogbo sáfù gbọ́. Òun náà ló ń ta ìrẹsì ní ìsọ̀ kẹta sí mọ́sáláṣí, tó fi òòlù lu ìdí tíyà tó fi ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà, tí ìdí náà fi wọnú. Fìlà rẹ̀ pé. Tíyà rẹ̀ ni kò pé.

Alhaji sì ni o! Ó ti dé Mẹ́kà. Ọkùnrin tó bá ti wọ ìhúráámù níbẹ̀, fìlà di èèwọ̀ fún un títí yóò fi bọ́ ọ. Ẹni tó bá borí nínú rẹ̀ yóò san ìtánràn: kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 3, tàbí kó fún aláìní 6 lóúnjẹ, tàbí kó pa àgùntàn. Ilé tí gbogbo ayé ń kọjú sí kírun lójoojúmọ́, ọkùnrin tó wà nínú ìhúráámù, orí òfo ló fi ń yí i ká. Alhaji náà yí i ká bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè níbẹ̀ bóyá olè ni.

Ti àwọn ìyá àgbà tún wà ńlẹ̀. Láyé àtijọ́ ní Niamey, obìnrin á wé gèlè, á fi ìborùn lé e, á kírun rẹ̀, ó parí. Nígbà tó yá ni ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan, Ìzálà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jos lọ́dún 1978, kọjá ẹnubodè dé Nìjẹ̀r. Híjáàbù tó gùn dé ìdí, tó gùn dé orúnkún, bá wọn wọlé. Kò burú, aṣọ tó wu ni là ń wọ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mélòó kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀ lọ́jà, ló wá ń sọ fún ìyá ìyá rẹ̀ pé gbogbo ìrun tó ti fi ìborùn kí láti ìgbà èwe ò wọlé. Màmá gbọ́, ó dákẹ́. Ọ̀kan wọn yẹ kó borí, èkejì yẹ kó bo ẹnu, ẹ̀yin náà sì mọ èwo ni èwo.

Niamey gan-an sì yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìlú tí ọkùnrin Tuareg ti ń fi láwàní bo ojú dé imú, tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣí ojú sílẹ̀ rìn, Mùsùlùmí sì ni àwọn méjèèjì. Kò sí Yorùbá kan tó láyà láti dúró níwájú Tuareg tó ń ṣọ́ géètì rẹ̀ kó ní kó tú láwàní.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, nínú ìwé kìíní, orí 11, pé kí ọkùnrin má bo orí gbàdúrà, kí obìnrin má ṣí orí gbàdúrà. Ọkùnrin wa gbọ́, ó ń ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin wa gbọ́ àgbọ́jù. Àwọn àgbà ní gèlè ò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bí kó yẹni. Gbogbo ìyẹn ti di ìtàn: ótò-gèlè dé, wọ́n ti wé e láti Èkó, wọ́n dì í sí páálí, olówó kàn ń gbé e dórí ni. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò rí pẹpẹ mọ́. Pọ́ọ̀lù ní kí obìnrin bo orí. Kò ní kó bo pásítọ̀.

Ìjọ mìíràn ò gba gèlè ńlá, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ìborùn wà lọ́wọ́ ọ́ṣà. Ọmọbìnrin kan sáré wọlé láti ọsibítù, ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun gbàdúrà. Ọ́ṣà ò bi í pé kí ló ṣe é tí ojú ẹ fi pọ́n. Àwọ̀ tó fẹ́ ni ó bi í. Àwọn Àgùdà kọ ọ́ sínú òfin ìjọ wọn lọ́dún 1917 pé kí obìnrin borí nínú ṣọ́ọ̀ṣì; nígbà tí òfin tuntun jáde lọ́dún 1983, wọn ò mẹ́nu bà á mọ́. Ọ̀run ò sì wó. Àwọn Júù tí Pọ́ọ̀lù ti ara wọn jáde, fìlà ni ọkùnrin wọn ń dé gbàdúrà títí dòní.

Nílé ìsọmọlórúkọ Yorùbá, àfáà á ṣàdúrà, Alhaji á tún fìlà ṣe. Pásítọ̀ á ṣàdúrà, Díkìnnì á ṣí tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ èwo ni kó ṣe á mú fìlà dání, á máa ṣe "àmín" fún tọ̀tún-tòsì. Òmùgọ̀ kọ́ ni, ọlọ́gbọ́n ni.

Ṣùgbọ́n nílé lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, ẹ wo ohun tá a fi orí ọmọ ṣe. Lóṣù Kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga ní Ọ̀ṣun ní kí ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa lo híjáàbù nílé-ìwé ìjọba, àwọn ọmọ onígbàgbọ́ kan wọ aṣọ akọrin àti sùtánà lọ sí kíláàsì ní Baptist High School, Ìwó. Lọ́dún 2021, ìjọba Kwara ti ilé-ìwé 10 pa ní Ìlọrin nítorí aṣọ orí yìí kan náà, àwọn òbí sì ń ju òkò lu ara wọn. Lọ́dún 2022, ní Ìjàgbò ní Kwara kan náà, ẹnìkan kú nínú ìjà híjáàbù. Ìṣirò àti gẹ̀ẹ́sì táwọn ọmọ lọ kọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bínú nítorí ìyẹn.

Niamey náà ti tọ́ irú rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 2015, nítorí àwòrán Ànábì tí ìwé ìròyìn Charlie Hebdo yà ní Paris, àwọn èèyàn, tí ọ̀dọ́ pọ̀ jù nínú wọn, tú sígboro. Ọlọ́pàá ní ṣọ́ọ̀ṣì 45 ló jóná ní Niamey. Pẹ̀lú ti Zinder, èèyàn 10 ló kú láàárín ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn àlùfáà Mùsùlùmí bí 20 jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé Ìsìláàmù ò fẹ́ jàgídíjàgan. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n orí ti wọ́ kí wọ́n tó débẹ̀, àwa tí a wà lọ́jà láti àárọ̀ ò sì rí i, nítorí fìlà là ń wò.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ ẹ̀yin ará wa ní Niamey, ti mọ́sáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ ìborùn sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ kó fìlà sí i fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tí kò bá mú, ẹ jẹ́ kó wọlé gbàdúrà. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bi í, ẹ bi í ní ohun tó ń dùn ún. Ní ti bàbá onítíyà, òòlù yín ṣì wà nísọ̀. Ẹ bá wa lu ìdí rẹ̀ padà síta kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé.