Ọmọ Oko Kó Igi Ìdáná, Ó Gbàgbé Èèkàn

Nínú ilé wa ní Houston, èmi ni ọmọ oko. Bí àwọn ọmọ bá pariwo aáyán, màá ní nígbà tí mo tó wọn, oko kòkó bàbá mi lẹ́yìn Ìdànrè ni mo ti ń sùn. N kì í fi kún un pé ahéré náà ní páànù àti ilẹ̀kùn, àti pé ìyá mi ló ń ṣe gbogbo wàhálà ibẹ̀.

Ìmọ̀ yẹn náà ni mo gbójú lé nígbà ìsinmi oṣù Kẹta, tí a wa ọkọ̀ fún bíi wákàtí 10 lọ sí Big Bend, ọgbà ńlá tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1944 ní ààlà Texas àti Mẹ́síkò. Rio Grande Village ni a ti gba àyè àgọ́, létí odò. Igi cottonwood ṣíji bò ó débi pé èèyàn lè gbàgbé pé inú aṣálẹ̀ lòun wà, àfi tó bá rìn kúrò lábẹ́ wọn tí igi ọrọ́ gún un lẹ́sẹ̀.

Mo tú àgọ́ sílẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ pé. Èèkàn ò sí. Èmi fúnra mi ni mo yọ àpò èèkàn kúrò nínú búùtù kí igi ìdáná lè ráyè, nítorí mo ti ṣèlérí jọ̀lọ́ọ̀fù olóòórùn èéfín. Ìgbà tí a débẹ̀ tán ni mo tó ka pátákó: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá iná igi nínú ọgbà náà. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó gbé sítóòfù gáàsì kékeré jáde, èyí tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti Houston.

Kí igi má baà já sí òfo, òun ni mo so okùn àgọ́ mọ́. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ni afẹ́fẹ́ dé, ó gbé àgọ́ àti igi, ó forí lé odò, èmi náà ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Bàbá òyìnbó kan ló bá mi dì í mú. Ó wo igi, ó wò mí, ó lọ mú èèkàn àti òòlù wá. Mo dúpẹ́ pé kò bi mí léèrè kankan.

Mo ti ní kí a má kó bùláńkẹ́ẹ̀tì: aṣálẹ̀ ṣáà ni, ooru ló kù. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ìkùukùu kì í sábà sí lójú ọ̀run. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ooru ọ̀sán á fò lọ sókè, òtútù á sì dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ wọ mọ́tò. Ó ní kí n máa bọ̀. Mo kọ̀.

Òfin ibẹ̀ ni pé ohun tó bá lóòórùn, inú mọ́tò ni kó wà. Èmi wá rò ó pé irú àti ẹja àrọ̀ yíyan á sọ mọ́tò dìdàkudà, mo bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi nínú àgọ́. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní javelina. Ó jọ ẹlẹ́dẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ríran jìnnà, imú rẹ̀ ló fi ń ṣọdẹ oúnjẹ. Lóru, mo gbọ́ mímí létí àgọ́. Mo rò pé ìyàwó mi ló tún wá ń bẹ̀ mí.

Mo ní, “Lọ sùn jàre, mo ti ní mi ò wọ mọ́tò.”

Ó pa eyín pọ̀, kò-kò-kò.

N ò mọ bí mo ṣe gba ibi tí kò sí ilẹ̀kùn jáde. Nígbà tí ìyàwó mi tan iná mọ́tò, orí tábìlì ló ti rí mi, pátá nìkan ló wà lára mi, igi ìdáná wà lọ́wọ́ mi, agbo javelina sì ń jẹun láìwo ojú ẹnìkan. Àkọ́bí mi ń ká a sórí fóònù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi gbé ọ̀rá òfìfo sókè. Wọn ò fẹnu kan búrẹ́dì.

“Ẹja tí màámi fi ránṣẹ́ láti Oǹdó nìyí. Ẹ̀yin lẹ ó pè wọ́n.”

Mo ní kí a kọ́kọ́ lọ wẹ̀. Omi gbígbóná kan wà tó ń sun jáde létí odò yẹn, bí 105 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, kò sì sí ẹni tó ń gbé fóònù wọnú ẹ̀.