Bàbá Ẹ-Tètè-Fi-Ránṣẹ́

Kò sí ẹbí tí kò ní irú wọn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọmọ wọn tó wà ní Houston ra fóònù ńlá fún wọn, láti ọjọ́ náà, àrùn kan kì í wọ Nàìjíríà kí Bàbá má ti rí oògùn rẹ̀ lórí WhatsApp.

Lóṣù Kẹjọ 2014, Ebola tí Patrick Sawyer gbé wọ Èkó ti ń ràn. Dókítà Adadevoh tí kò jẹ́ kí Sawyer jáde nílé ìwòsàn ti kó o, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ti ilé dé ilé wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn. Iṣẹ́ yẹn falẹ̀ lójú Bàbá. Òru ni wọ́n pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, torí àwọn mìíràn ti lè pa dátà sùn: omi iyọ̀ ni o, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? "Gbogbo ayé ti gbọ́." Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, èèyàn 2 ti tipa omi iyọ̀ kú ní Nàìjíríà, Bàbá ní iyọ̀ tiwọn ló pọ̀ jù.

Kòrónà dé ní 2020, iṣẹ́ wáá dé. Alaalẹ́ ni NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ń ka iye ẹni tó kó o lórí Twitter, wọ́n ń ní ká fọwọ́, ká jìnnà síra wa. Ìyẹn ò jọ oògùn létí Bàbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n fẹ́ràn, èyí tí kò lórúkọ, tó ń sunkún nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Trump yin chloroquine lóṣù Kẹta. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹbí, ìjọ àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ti gbọ́. Wọ́n gbé àwọn tó lò ó lálòjù dé ilé ìwòsàn l'Ékòó, NCDC kìlọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò ní "ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn 20" nísàlẹ̀. Kí ni kí Bàbá fi í ṣe?

Lóṣù Kẹrin, WhatsApp ní àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti rìn jìnnà jù, ojú kan ṣoṣo ni èèyàn lè fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Bàbá wọ jígí, wọ́n ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn ṣá: kò sẹ́ni tó ṣàìsàn nínú wa tí wọn ò pè láàárọ̀ lálẹ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé lóṣù Kẹta 2021. Ọdún méjì péré, ni Bàbá wí, lẹni tó bá gbà á fi máa wà láyé. Fídíò gílóòbù tó ń tàn lápá èèyàn tẹ̀ lé e. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Amẹ́ríkà ní àjèjì tó bá fẹ́ wọ bàálù wá gbọ́dọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ dání. Ìyàwó ọmọ wọn sì ti bí. Fọ́tò la kàn rí: Bàbá ń gbé ọmọ-ọmọ jó ní Houston.

"Ẹ kú oríire sà. Abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́?" ni àbúrò mi béèrè.

"Mo ti gbàdúrà sí tèmi kí wọ́n tó gún un."