Ènìyàn Laṣọ Wọn

Ènìyàn laṣọ mi, báyìí làwọn àgbà máa ń wí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì gbà á gbọ́, wọ́n wá ń kó ènìyàn jọ sórí LinkedIn. Bí iye náà bá ti kọjá 500, ojú òpó náà kì í fi iye gidi han àlejò mọ́. 500+ ni yóò kọ síbẹ̀, ìyẹn náà sì ti di oyè. Ọ̀gá báńkì wà níbẹ̀, ọ̀gá iléeṣẹ́ epo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó kó wọn jọ bá kí wọn ní títì, kò sí èyí tí yóò mọ ẹni tó ń kí òun. Aṣọ kún àpótí, ìhòhò ni ọ̀gbẹ́ni wà.

Amòye kan lè mú Mark Granovetter kò wá lójú pé ojúlùmọ̀ lásán náà ń wúlò. Oṣù Karùn-ún ọdún 1973 ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà náà tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde: nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀ ní ìlú kan lẹ́bàá Boston, àwọn tó ju 80 lọ nínú 100 ni kì í fojú kan ojúlùmọ̀ ọ̀hún lemọ́lemọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè irú ẹni tí ojúlùmọ̀ náà sábà máa ń jẹ́: ọ̀rẹ́ iléèwé àtijọ́, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá àná. Wọn kì í ríra mọ́, àmọ́ wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn.

Ọdún 1973 yẹn kan náà (ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pàdé!) ni Nàìjíríà dá NYSC, ètò àwọn agùnbánirọ̀, sílẹ̀, ọdún náà ni SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní I.T., bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọdún kan gbáko fún agùnbánirọ̀, láàárín àwọn tí kò mọ bàbá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí agùnbánirọ̀ náà rí: òwú rèé, òfì rèé. Kí là ń fi í ṣe? Ọ̀kan ń sanwó kí wọ́n bá òun lu òǹtẹ̀ sínú logbook láì yọjú sí iléeṣẹ́. Òmíràn di ghost corper: ọ̀gá ń bá a fọwọ́ síwèé lóṣooṣù, wọ́n jọ ń pín allowee. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpàdé wọ òtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island, kóòtù àyálò lọ́rùn, pé òun ń lọ mọ èèyàn. Àwọn tó bá níbẹ̀ náà ń wáṣẹ́. Wọn a fún ara wọn ní káàdì. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló jèrè lọ́jọ́ náà.

Ọmọ tálákà ńkọ́, tí bàbá rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni? Lóòótọ́, ọmọ olówó ń jogún aṣọ; lẹ́tà kan látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá ti tó. Ìdí nìyẹn gan-an tí ọmọ tálákà kò fi gbọdọ̀ ta oṣù mẹ́fà rẹ̀. Àwọn kan á tún ní àmàlà ni wọ́n ń rán ọmọ I.T. lọ rà, wọn kì í fún un níṣẹ́. Ní ọ́fíìsì púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, ìtìjú ńlá sì ni fún àwọn ọ̀gá. Síbẹ̀, ọ̀gá tó ń rán an mọ̀ bóyá ó tètè ń dé àti bóyá ṣéńjì ń pé. Bí ẹnìkan bá bi í léèrè ọmọ náà lọ́dún mẹ́ta sí i, ó ní nǹkan tí yóò sọ.