Ìtùnú Olóṣù Mẹ́ta-mẹ́ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí, kí ẹ sì dá a bó ṣe tọ́. Iléeṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà níbí tí mo ra ìpín ìdókòwò díẹ̀ nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí agbẹjọ́rò tí wọ́n ní pọ̀ ju ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní lọ. Iléeṣẹ́ náà ò tíì dàgbà. Wọ́n ní àwọn ń ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun kan tí yóò máa mu epo díẹ̀, tí kò ní wúwo, tí kò ní pariwo, tí èéfín rẹ̀ kò sì ní ta ẹnikẹ́ni lójú. Èmi tí mò ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Houston, tí owó dísù ń gba tọwọ́ mi kí n tó délé, bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ta ló yẹ kó wà níbẹ̀ bí kò ṣe èmi?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Pé ẹ́ńjìnnì náà pẹ́ kò bí mi nínú. Iná, irin àti epo tí wọ́n ń gbé inú ihò kan ṣoṣo, ìjà wọn kì í tètè parí, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìtùnú. Àwọn èèyàn yìí ń tù mí nínú ju bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni lẹ́tà wọn ń dé. "Ẹ̀yin olùdókòwò wa ọ̀wọ́n" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa tẹ̀ síwájú láìdé ibì kankan. Nígbà kan, wọ́n ní àwọn ti kọjá ibi tó le jù. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ní àwọn ti ń sún mọ́ ibi tó le jù. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn ní àwọn ti kó àwọn ògbóǹtarìgì jọ tí yóò bá wa wá ibi tó le jù náà rí. Àwòrán kan kì í sì í wọ́n níbẹ̀: àwọn ọkùnrin kan wọ aṣọ funfun, wọ́n fi gíláàsì bojú, wọ́n yí irin kan tí wáyà bò mọ́lẹ̀ ká. Gbogbo wọn ń wò ó. Kò sí ẹni tó ṣáná sí i.

Nígbà míì, wọ́n á ní iléeṣẹ́ ńlá kan tí àwọn kò lè dárúkọ ti ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ tí a kò lè dárúkọ yìí, mo ti mọ̀ ọ́n ju àwọn ẹbí mi míì lọ. Ọdọọdún ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Kò ra nǹkan kan rí.

Ìyàwó mi kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí lẹ́tà dé, ó bi mí pé:

"Bàbá Ìbejì, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ń tẹ̀ síwájú."

"Láti ibo sí ibo?"

Mo yí lẹ́tà náà síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ti wà nínú ọkọ̀ kankan?"

"Orí tábìlì ìdánwò ló wà."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ọ̀hún?"

"Wọ́n ní àbájáde rẹ̀ ń fún àwọn níṣìírí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tí dókítà bá sọ fún ìdílé aláìsàn lọ́dọ̀ wa pé àbájáde ń fún àwọn níṣìírí, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe? Wọ́n máa ń lọ pe pásítọ̀."

Ẹ wo iṣẹ́ tèmi náà. Bí mo bá gbé ẹrù kúrò ní Houston, tí mò ń lọ sí Dallas, tí ẹni tó ni ín pè mí lórí fóònù, ṣé mo lè sọ fún un pé mò ń tẹ̀ síwájú lọ́nà tó wú mi lórí? Yóò bi mí pé Huntsville ni mo wà ni, àbí Corsicana. Bí mi ò bá rí orúkọ ìlú sọ, ó máa pe ọlọ́pàá.

Wọ́n tún máa ń ṣe ìpàdé orí fóònù, kí àwa olùdókòwò lè béèrè ọ̀rọ̀. Mo wá ibì kan páàkì ọkọ̀ sí, mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, mo ń retí. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọn kú iṣẹ́. Ẹnì kejì béèrè bóyá ọjà ẹ́ńjìnnì lágbàáyé tóbi ni, àbí ó tóbi gan-an. Nígbà tó kàn mí, mo ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìgbà wo la máa rí i rà?" Ọ̀gá náà ní ìbéèrè tó dára púpọ̀ nìyẹn, òun mọrírì rẹ̀. Kí n tó dúpẹ́, wọ́n ti pe ẹlòmíì.

Ìdí lẹ́tà gan-an ni àrà wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣèlérí tán lókè, wọ́n á fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé gbogbo ohun tí àwọn wí nípa ọjọ́ iwájú lè má rí bẹ́ẹ̀, pé owó lè tán, pé ẹ́ńjìnnì lè má ṣiṣẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e. Òfin mọ̀ nípa rẹ̀ o. Lọ́dún 1995, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó bá sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ, bí wọ́n bá ti fi ìkìlọ̀ tó nítumọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò bá òfin jà, nítorí bí a bá pa gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀la lẹ́nu mọ́, kò sí ẹni tó máa dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó fi mí sí: ojú ìwé kìíní ní kí n fọkàn balẹ̀, ojú ìwé tó kẹ́yìn ní bí mo bá fọkàn balẹ̀, ẹ̀bi mi ni.

Owó ńkọ́? Ìlérí ò lè ra irin. Nígbà tí owó bá ń tán, wọ́n á ta ìpín tuntun fún ẹlòmíì, ìwọ̀nba tó jẹ́ tèmi nínú iléeṣẹ́ á sì tún kéré sí i. Nígbà tí iye ìpín náà lọ sílẹ̀ lọ́jà débi pé ojú ń ti àwọn fúnra wọn, wọ́n pa mẹ́wàá pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan. Lẹ́tà ní nítorí àǹfààní wa ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Ní Philadelphia, ní àwọn ọdún 1870, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ John Keely. Ó ní òun ti rí agbára tuntun kan, pé omi táṣẹ́rẹ́ tó láti gbé ọkọ̀ ojú irin rin ọ̀nà jíjìn. Wọ́n dá Keely Motor Company sílẹ̀, àwọn ọlọ́rọ̀ sì kówó lé e. Keely ń ṣe àfihàn fún wọn: irin ń yí, okùn tó ki ń já, ẹnu ń yà wọ́n. Bí wọ́n bá wá béèrè ẹ́ńjìnnì tí wọ́n lè tà, yóò ní ó ku díẹ̀, òun ti rí ọ̀nà míì tó dára ju ti àná lọ. Nígbà tí àpò iléeṣẹ́ gbẹ, opó ọlọ́rọ̀ kan, Clara Bloomfield-Moore, bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé e lórí. Lọ́dún 1888, ilé ẹjọ́ ní kó ṣàlàyé àṣírí ẹ̀rọ náà, ó kọ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ó ṣàfojúdi sí ilé ẹjọ́.

Keely kú lọ́dún 1898 láìta ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Ọmọ opó náà, Clarence Moore, gba ilé tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó kó àwọn onímọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n tú ilẹ̀ ilé. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti bá irin róbótó ńlá kan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú rẹ̀ ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìyanu yẹn. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi tu àwọn olùdókòwò Keely nínú. Lẹ́yìn tí mo kà á, mo wo lẹ́tà tèmi, mo rí i pé ọmọ ọwọ́ ṣì ni.

Ayé wá kọ́gbọ́n bí? Lọ́dún 2018, Nikola, iléeṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ní òun máa fi iná mànàmáná àti hydrogen lé dísù kúrò lójú títì, gbé fídíò kan jáde. Ọkọ̀ rẹ̀ ń sáré geere lójú ọ̀nà kan ní Utah. Inú àwa awakọ̀ dùn. Ní June 2020 wọ́n wọ ọjà ìpín ìdókòwò, fún ìgbà díẹ̀ iye wọn sì ju ti Ford lọ, Ford tó ti ń ṣe mọ́tò láti 1903. Ní September ọdún kan náà, àwọn olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Hindenburg Research tú u fó pé ńṣe ni wọ́n fa ọkọ̀ inú fídíò náà gun orí òkè, tí wọ́n jẹ́ kó máa yí bọ̀ nísàlẹ̀. Kí ni Nikola fi fèsì? Wọ́n ní pé ó ń rìn ni àwọn wí, àwọn ò fìgbà kan sọ nínú fídíò náà pé agbára ara rẹ̀ ló fi ń rìn. Látìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀, mi ò mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà jẹ́ oríṣi ẹ́ńjìnnì kan.

Ilé ẹjọ́ dá Trevor Milton tó dá Nikola sílẹ̀ lẹ́bi jìbìtì lọ́dún 2022, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún un lọ́dún 2023. Ní March 2025, Ààrẹ Trump dárí jì í. Oṣù kan ṣáájú ìgbà náà ni Nikola ti gba ilé ẹjọ́ lọ pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́. Wọ́n dárí ji ọ̀gá. Kò sí ẹni tó darí owó padà sápò àwọn mẹ̀kúnnù tó ra ìpín.

Nígbà míì, èrò inú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe irọ́, owó ló ń ṣáko lọ. Ní West Springfield, Massachusetts, Carmelo Scuderi, tó jẹ́ ẹnjiníà, ronú kan ẹ́ńjìnnì tí sílíńdà kan yóò máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tí èkejì yóò máa sun epo. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lárugẹ. Lọ́dún 2013, SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò, ní nínú owó tó lé ní 80 mílíọ̀nù dọ́là tí iléeṣẹ́ ìdílé náà gbà lọ́wọ́ olùdókòwò, èyí tó lé ní 3 mílíọ̀nù lọ sọ́wọ́ àwọn ará ilé fún ìlò ara wọn. Iléeṣẹ́ náà yanjú ẹjọ́ náà láìsọ pé àwọn jẹ̀bi, láìsọ pé àwọn ò jẹ̀bi.

Ẹnìkan á ní, ṣé kò sí ẹ́ńjìnnì tuntun tó yọrí sí rere rí ni? Ó wà. Òun ni mò ń wà lójoojúmọ́. Rudolf Diesel, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe epo tí mò ń rà, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ dán wò ní Augsburg, ní Jámánì, ní August 1893. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára inú rẹ̀ bú gbàù, ẹ́ńjìnnì náà kò sì ṣiṣẹ́. Owó iléeṣẹ́ irin Krupp àti ti iléeṣẹ́ ẹ̀rọ Augsburg ló ń jóná níbẹ̀. Ní February 1894, ó dá ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré. Ní February 1897, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter ti Munich, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, wá fi ojú ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n: nínú ooru 100 tó wà nínú epo, ẹ́ńjìnnì náà ń sọ 26 di iṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ nígbà náà ò dé ibẹ̀ rárá. Àwọn olùdókòwò Diesel náà dúró fún ọdún bíi mélòó kan, inú wọn ò lè máa dùn ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ará ìta wọlé, ó gbé ìwọ̀n kalẹ̀, ó sọ iye tó rí. Lójú tèmi, ìtẹ̀síwájú tí ará ìta ò lè wọ̀n, ẹnu lásán ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ ẹ́ńjìnnì tuntun, mo bẹ̀ yín, ẹ dín ìwé kù. Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin tó fún mi. Wákàtí mélòó ni ẹ́ńjìnnì náà ti ṣiṣẹ́ láìdúró? Ará ìta wo ló wọ̀n ọ́n, kí ló sì rí? Owó mélòó ló kù, oṣù mélòó ló lè gbé wa? Ta ló ti fi owó ara rẹ̀ rà á? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò tíì sí, ẹ kọ ọ́ pé kò tíì sí. Mo lè fara da ìyẹn. Èèyàn tó ń wakọ̀ gba inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Houston ti mọ bí wọ́n ṣe ń ní sùúrù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ronú àtira ìpín nínú irú iléeṣẹ́ báyìí, ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn mẹ́rin wọ̀nyí nínú lẹ́tà wọn. Bí ẹ ò bá rí wọn, ẹ jẹ́ kí owó yín sinmi lápò. Ní ti ìtùnú, pásítọ̀ àti àlùfáà ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ̀nba owó tí a fún iléeṣẹ́, ẹ́ńjìnnì la fún wọn pé kí wọ́n fi ṣe.